Ẹran adìẹ mi dúdú dé eegun: ṣé àrùn ni, àbí kí ni?

Ìyá Adìẹ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùsìn adìẹ. Ẹ dákun, ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi káàkiri àdúgbò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí mo ra àkùkọ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin àwọn adìẹ ilẹ̀ òkèèrè. Ìyẹ́ rẹ̀ funfun, ó rí múlọ́múlọ́ bí òwú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí ìyẹ́ náà, awọ ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìka márùn-ún ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́rin. Mo jẹ́ kó gun àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mi kan tó mọ ọmọ tọ́ dáadáa. Ó sàba, ó pa mọ́kànlá. Mẹ́fà nínú àwọn òròmọ náà dúdú ní awọ, ní ẹsẹ̀, àní ní ahọ́n. Márùn-ún yòókù mọ́ra bí òròmọ ìbílẹ̀ gbogbo. Kò sí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ rí bí òwú nínú wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ní ìka márùn-ún bíi ti bàbá wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, aládùúgbò mi kan wá ra ọ̀kan láti fi se ọbẹ̀ ata fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀kan nínú àwọn dúdú ló mú. Ìgbà tó tu ìyẹ́ rẹ̀ tó là á, ẹran dúdú, iwe dúdú, eegun dúdú. Ó gbé e padà wá bá mi nínú abọ́, ó ní mo ta májèlé fún òun. Mo dá owó rẹ̀ padà, ó da ẹran náà nù lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé adìẹ mi kì í ṣe adìẹ lásán. Ó dùn mí gan-an ni. Ṣé kí n pa márùn-ún tó kù? Ṣé wọn ò ní kó àrùn ran àwọn yòókù?

Alásè Mushin

Ìyá wa, ẹ má tíì pa nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́ nígbà tí wọ́n dúńbú rẹ̀, ṣé pupa ni? Ṣé ẹran náà ń rùn, àbí ó ń yọ̀ lọ́wọ́? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ òde, ẹran tó bàjẹ́ kò ní ṣàì rùn. Kí nǹkan dúdú, kí nǹkan bàjẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìyá Adìẹ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa. Kò rùn rárá. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa á gan-an, ó ń jẹun, ó ń bá àwọn yòókù sáré.

Dókítà Ẹran

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, Mà. Dókítà ẹran ni mí, adìẹ ni mo sì ń tọ́jú jù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe àrùn, kò lè ran adìẹ mìíràn, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ kò ní kú. Àwọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè rí ohun sọ fún àwọn aládùúgbò yín.

Mẹ́lánínì lorúkọ nǹkan dúdú yẹn. Òun náà ló wà nínú awọ ara èmi àti ẹ̀yin, nínú irun wa àti nínú ẹyinjú wa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, wà lára ẹran tó jẹ́ pé ṣíṣe mẹ́lánínì ni iṣẹ́ wọn. Èròjà kan tí ń jẹ́ tyrosine ni wọ́n ń mú, tí ẹ́ńsáìmù kan (èròjà ara tó ń yí nǹkan kan padà sí òmíràn) tó ní kọ́pà nínú á sì sọ di mẹ́lánínì. Oríṣi méjì ni mẹ́lánínì yìí. Ọ̀kan dúdú, láti orí dúdú bí èédú títí dé àwọ̀ obì gbígbẹ. Èkejì pọ́n, òun ló ń mú kí a máa pe adìẹ kan ní pupa. Bí méjèèjì ṣe pọ̀ tó àti ibi tí wọ́n dúró sí ló fà á tí adìẹ kan fi jẹ́ dúdú, tí òmíràn fi jẹ́ pupa, tí òmíràn fi jẹ́ abilà. Èyí tí kò bá rí ọ̀kankan gbà sínú ìyẹ́ rẹ̀ ni funfun.

Nígbà tí òròmọ ṣì wà nínú ẹyin, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti ń gbéra. Wọ́n á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé awọ àti ìdí ìyẹ́. (Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ajá tàbí ewúrẹ́ tó ní funfun díẹ̀ lára, abẹ́ ikùn, iwájú orí àti ọmọ ọwọ́ ẹsẹ̀ ni ẹ óò ti sábà rí i: ibẹ̀ ló jìnnà jù sí ẹ̀yìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò débẹ̀.) Ní ti ìran àkùkọ yín, wọ́n ń gba ọ̀nà tí wọn kì í gbà lára adìẹ mìíràn, wọ́n sì pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n wọ inú ẹran, wọ́n wọ awọ tó bo eegun, wọ́n wọ ìfun. Jíìnì kan (jíìnì ni àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) tí wọ́n ń pè ní EDN3 ló máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bí sí i. Lára ìran adìẹ yìí, ẹ̀dà rẹ̀ ti di méjì, nítorí náà àṣẹ náà ń dún léraléra. Ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ tẹ èyí jáde.

Adìẹ yín kò sì dá wà láyé. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ìran àkùkọ oníyẹ̀ẹ́ bí òwú yẹn ti wá, Silkie ni wọ́n ń pè é. Ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà, Ayam Cemani wà, tí ìyẹ́, ogbe, ẹran àti eegun rẹ̀ dúdú pátápátá. Ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh ní Íńdíà, Kadaknath ni tiwọn, wọ́n sì fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀ ní 2018 kí àwọn ará ibòmíràn má bàa máa fi ta ọjà tiwọn. Mo sì fẹ́ kí ẹ sọ eléyìí fún aládùúgbò yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ní Ṣáínà, adìẹ ẹlẹ́ran dúdú yìí gan-an ni wọ́n máa ń wá kiri láti fi se omi ọbẹ̀ fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ìbéèrè kan, Mà. Àgbébọ̀ tó pa àwọn òròmọ náà, irú ẹsẹ̀ wo ló ní?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Dókítà sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti la ẹja ẹpìyà rí, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ikùn rẹ̀ tó dúdú bí èédú. Àwọn kan máa ń fi ọ̀bẹ ha á kúrò, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́lánínì náà nìyẹn. A ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo tún rí lára ẹja àrọ̀ mi ni pé àwọn tó wà nínú adágún alámọ̀ dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, àwọn tí mo kó sínú tapólì tó mọ́ra bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Mo rò pé àìsàn ni. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi pé mẹ́lánínì inú awọ ẹja máa ń tàn ká tàbí kó kóra jọ sójú kan, bí ibi tí ẹja náà wà bá ṣe rí, kí ọ̀tá má bàa tètè rí i. Mo dá díẹ̀ padà sínú adágún, wọ́n sì tún dúdú.

Ìyá Adìẹ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Dókítà, ẹsẹ̀ àgbébọ̀ náà jẹ́ ìyeyè bí àgbàdo. Ti àkùkọ ló dúdú. Kí nìdí tẹ́ ẹ fi béèrè?

Dókítà Ẹran

Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè sọ nǹkan kan fún yín láìtíì rí adìẹ náà: gbogbo èyí tó dúdú nínú wọn, abo ni. Gbogbo èyí tó mọ́ra, akọ ni. Èyí tí aládùúgbò yín pa náà, abo ni yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín jẹ́jẹ́. Ní ti ènìyàn, ọ̀dọ̀ bàbá ni ìpinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo ti ń wá. Ní ti adìẹ, ọ̀dọ̀ ìyá ni. Krómósómù kan wà, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Z. Àkùkọ ní méjì. Abo ní ẹyọ kan, W ló fi ṣe ìkejì rẹ̀. Ọmọ tí ìyá bá fún ní Z á di akọ, èyí tó bá fún ní W á di abo. Ẹ wá wò ó dáadáa: ohunkóhun tó bá ti wà lórí Z ìyá, ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan ló ń jogún rẹ̀, ọmọbìnrin kì í rí i gbà.

Orí Z yìí ni jíìnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí mẹ́lánínì lọ́nà kó má ráyè wọ awọ ìsàlẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè ní ìdènà yìí, àkùkọ yín kò ní i. Àwọn ọmọ akọ gba ìdènà lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè rí àpá dúdú díẹ̀díẹ̀ lára wọn. Àwọn ọmọ abo kò rí ìdènà gbà, dúdú bàbá wọn sì ráyè lọ títí dé eegun. Ìyẹ́ bí òwú yẹn ní tirẹ̀, àfi tí bàbá àti ìyá bá jọ fún ọmọ kó tó hàn, ìyẹn ni wọn kò fi ní i. Ìka márùn-ún kò nílò ju òbí kan lọ.

Bateson àti Punnett, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ti gbé irú àkùkọ yìí gun abo adìẹ tí kì í ṣe dúdú, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1911. Bí tiyín yìí gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹ so okùn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ máa wò ó.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Dókítà, ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi, ọ̀rọ̀ yín yìí tú nǹkan kan fún mi. Mo ra àádọ́ta òròmọ ọlọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, irú adìẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń pè ní Nera, wọ́n ní abo ni gbogbo wọn. Mo rí i pé mẹ́sàn-án nínú wọn ní àmì funfun ní àtàrí, mo rò pé ẹwà ni. Nígbà tí wọ́n dàgbà, mẹ́sàn-án náà di àkùkọ abilà. Oúnjẹ oṣù mẹ́rin ni mo fún wọn lásán. Ṣé Z yìí náà ni?

Ìyá Ẹlẹ́yin Ìbàdàn

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Òun náà ni. Àkùkọ pupa Rhode Island ni wọ́n máa ń gbé gun abo abilà tí wọ́n ń pè ní Barred Plymouth Rock láti fi rí Nera. Ilà yẹn wà lórí Z ìyá. Òun ló máa ń dá mẹ́lánínì dúró, tí á tún jẹ́ kó máa lọ, tí á tún dá a dúró, bí ìyẹ́ ṣe ń hù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dúdú àti funfun tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ akọ nìkan ló ń jogún rẹ̀. Lára òròmọ ọlọ́jọ́ kan, àmì funfun ní àtàrí ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ abo dúdú lórí.

Nítorí náà, kí o tó sanwó, ṣí páálí, wo orí wọn níkọ̀ọ̀kan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú bá ọ tajà. Ti ISA Brown, irú adìẹ ẹlẹ́yin mìíràn, tún rọrùn ju ìyẹn lọ: èyí tó bá pọ́n ni abo, èyí tó bá funfun tàbí tó jẹ́ ìyeyè ni akọ.

Mo ní ìbéèrè tèmi náà, Dókítà. Nera mi tó ti ń yé fún bí ọdún kan, dúdú wọn ti ń ṣì, ó ń pọ́n bí ìpẹtà. Ẹnì kan ní kí n bu kọ́pà sọ́fétì sínú omi wọn, pé kọ́pà ló ń ṣe dúdú.

Dókítà Ẹran

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ú! Òótọ́ ni pé ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe mẹ́lánínì nílò kọ́pà, ṣùgbọ́n bíńtín báyìí ni. Kọ́pà tó bá pọ̀ jù, májèlé ni, ó ń pa adìẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹ́ náà wò. Ìyẹ́ tó ti hù tán kò ní ẹ̀mí mọ́, bí èékánná ni. Ìgbà tó ń hù lọ́wọ́ nìkan ni mẹ́lánínì ń wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ kankan kò lè fi dúdú kún un. Tó bá jẹ́ ìyẹ́ àtijọ́ ló pọ́n, oòrùn àti ọjọ́ orí ló fà á. Nígbà tí wọ́n bá re ìyẹ́ tí tuntun hù, yóò dúdú padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìyẹ́ tuntun, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ló ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó ṣì tàbí funfun, oúnjẹ ni kí ẹ wò. Ta ló ń pò ó fún yín?

Ìyá Ẹlẹ́yin Ìbàdàn

Èmi fúnra mi ni. Sóyà wọ́n, nítorí náà kúlíkúlí ni mo fi dípò rẹ̀ láti oṣù kẹta wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò wọ́n báyìí. Ìyẹ́ àtijọ́ ló pọ́n jù, ṣùgbọ́n àwọn méjì kan wà tí ìyẹ́ apá wọn tuntun ní funfun nínú.

Dókítà Ẹran

A ti rí i. Lysine, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, kò pọ̀ nínú àgbàdo, kúlíkúlí náà kò ní i tó. Tí méjèèjì bá pàdé láìsí sóyà tàbí ẹja lílọ̀, adìẹ kì í rí lysine tó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára tòlótòló onídẹ: tí lysine kò bá tó, ìyẹ́ apá wọn á hù ní funfun. Ìyẹ́ náà ń sọ fún yín pé oúnjẹ kù díẹ̀ káàtó, ẹyin náà yóò sì dín kù. Ẹ dá sóyà padà, ì báà jẹ́ ìdajì, kí ẹ fi ẹja lílọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì ra àpò èròjà kékeré tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin. Kọ́pà àti irin ti wà nínú ìyẹn ní ìwọ̀n tó yẹ.

Olùkọ́ Ìlọrin

Ẹ kú ìjíròrò. Ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama. Mo fẹ́ kí á ṣọ́ra kí á má fi gbogbo àwọ̀ lé mẹ́lánínì lórí. Ìyeyè ẹsẹ̀ adìẹ, inú oúnjẹ ló ti ń wá, inú àgbàdo pupa àti ewé tútù. Ẹ fún un ní àgbàdo funfun nìkan, ẹsẹ̀ yóò ṣì. Àgbébọ̀ tó ń yé gidi náà, ìyeyè á kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí pé ó ń lọ sínú ẹyin. Dúdú ẹsẹ̀ kì í bá ẹyin lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bí ewé, kò sí àwọ̀ ewé kankan níbẹ̀: mẹ́lánínì wà nísàlẹ̀, ìyeyè bò ó lókè, ojú wa ló pa wọ́n pọ̀.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń fi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí ẹyẹ mẹ́ta yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọ̀ wọn gbà wá. Aró agbe kì í ṣe èròjà. Bí inú ìyẹ́ rẹ̀ ṣe rí ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká, mẹ́lánínì tó wà nísàlẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ yòókù mì, aró nìkan ló ń padà sí ojú wa. Ẹ lọ ìyẹ́ aró lúbúlúbú, aró náà á pòórá, dúdú ni ẹ óò rí. Osùn abẹ́ apá àlùkò ní tirẹ̀, èròjà gidi ni, turacin lorúkọ rẹ̀, kọ́pà wà nínú rẹ̀, ìdílé ẹyẹ yẹn nìkan ni a sì ti rí i. Ẹfun lékèélékèé ni ibi tí kò sí èròjà kankan.

Ọlọ́ehoro Òṣogbo

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ehoro mi tí etí, imú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ara yòókù funfun, dúdú yẹn máa ń jinlẹ̀ sí i nígbà ọyẹ́. Ṣé ojú mi ló ń tàn mí?

Olùkọ́ Ìlọrin

Kò tàn yín. Ẹ́ńsáìmù ti irú ehoro yẹn kì í ṣiṣẹ́ níbi tó bá gbóná, ìyẹn ni pé ibi tó tutù lára ló ń dúdú, etí àti imú. Wọ́n ti fá irun ẹ̀yìn irú ehoro bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n fi yìnyín dì í, irun dúdú ló hù níbẹ̀.

Ìyá Adìẹ Ìjẹ̀bú (lẹ́yìn oṣù mẹ́ta)

Ẹ̀yin ará mi, mo padà wá jíṣẹ́. Márùn-ún tó dúdú, abo ni wọ́n, gbogbo wọn pátá! Àwọn tó mọ́ra ti ń kọ. Ọ̀kan nínú àwọn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyin rẹ̀ kò dúdú o, ó rí bí ẹyin ìbílẹ̀ gbogbo. Mo gbé e lọ fún aládùúgbò mi, mo fọ́ ọ lójú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní kí n má bínú.

Dókítà, mo fẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i. Ṣé kí n jẹ́ kí bàbá wọn gùn wọ́n, àbí kí n lo àkùkọ ìbílẹ̀?

Dókítà Ẹran

Mo bá yín yọ̀, Mà. Ẹ má lo bàbá wọn, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, òròmọ lè di aláìlera. Ẹ má lo àkùkọ ìbílẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè náà tó bá jẹ́ pé dúdú lẹ fẹ́: ó ṣeé ṣe kí ìdènà wà lórí Z rẹ̀ méjèèjì, tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ ni yóò gbà á, takọ tabo, dúdú á sì fara pamọ́. Àkùkọ dúdú láti agbo mìíràn ni kí ẹ wá. Tí awọ rẹ̀ bá dúdú tinú tòde tó sì jẹ́ ojúlówó, gbogbo òròmọ tí wọ́n bá pa ni yóò dúdú.

Ìyá Adìẹ Ìjẹ̀bú

Mo ti rí ẹnì kan tó ní in ní ọ̀nà Ìkòròdú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa lọ. Màá kọ́kọ́ la ẹnu rẹ̀ wo ahọ́n, kí n ṣí ìyẹ́ àyà rẹ̀ wo awọ, kí n tó sanwó.